Ẹkún Inú Sùlúùsì

Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ sunkún lẹ́nu iṣẹ́, inú sùlúùsì ló máa ń sá wọ̀. Yàrá kótópó ẹ̀yìn wọ́ọ̀dù ni, níbi tí wọ́n ti ń da ìgbẹ́ àti ìtọ̀ aláìsàn nù, tí wọ́n ti ń fọ bẹ́díípáànù. Kò sí àga níbẹ̀. Òórùn Izal gba ibẹ̀ kan. Á ṣí ẹ̀rọ omi kí ariwo omi lè bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, á sunkún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta, á bọ́jú, á jáde lọ wọn ìfúnpá ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣe é. Dókítà ní ibi tirẹ̀: kọ́ọ̀lù-rúùmù tó ti ń rẹjú bó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, tàbí inú mọ́tò tó ti gíláàsì rẹ̀ pa. Bí àgbà iṣẹ́ kan bá kófìrí wọn, ọ̀rọ̀ ìtùnú kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wa: "Fara balẹ̀ jàre, ó máa mọ́ ẹ lára."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́ pátápátá. Gígún abẹ́rẹ́ máa ń mọ́ni lára. Òórùn egbò máa ń mọ́ni lára. Ikú ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín láàárọ̀ kì í mọ́ ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á kọ́ bí wọ́n ṣe ń ti ọkàn pa, ọkàn tí a bá sì tì pa nítorí aláìsàn kì í rántí ṣí sílẹ̀ fún ọkọ, ìyàwó àti ọmọ nígbà tí a bá délé.

Òyìnbó ń pè é ní burnout. Tiwa ni "iṣẹ́ yìí ti sú mi." Lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n fi ń to àìsàn, ICD-11, wọ́n sì là á mọ́lẹ̀ pé kì í ṣe àìsàn. Wàhálà ibi iṣẹ́ tó ti di bárakú, tí ẹnikẹ́ni kò wá nǹkan ṣe sí, ló ń bí i. Ohun mẹ́ta ni wọ́n fi dá a mọ̀: okun tó tán nínú èèyàn, ọkàn tó ti jìnnà sí iṣẹ́, àti kí ó máa ṣe èèyàn bíi pé gbogbo ohun tí òun ń ṣe ò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ èkejì nínú wọn, kó fetí sí ẹnu òṣìṣẹ́. Nọ́ọ̀sì tó ti ń pe aláìsàn ní "Ìyá Rísí" á wá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní "bẹ́ẹ̀dì 6." Ní yàrá ìrọbí, ẹnu á mú ju abẹ lọ: "Nígbà tí ẹ ń ṣe é, ṣé ẹ pè mí sí i?" Obìnrin tí wọ́n sọ ìyẹn sí lórí ìkúnlẹ̀ kò ní gbàgbé títí ayé, a ò sì ní fi àárẹ̀ bo ẹ̀ṣẹ̀ náà mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó bá fẹ́ kó dópin lóòótọ́, kó kọ́kọ́ ka iye alẹ́ tí agbẹ̀bí náà ti ṣe tẹ̀léra kó tó kọ kúérì. Àmì mìíràn wà tí a kì í sọ síta: ẹni tó ń gbàdúrà ní alẹ́ Sọ́ńdè pé kí ibà díẹ̀ mú òun, kí òun lè sinmi.

Nínú ara ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Orí á máa gbóná, nǹkan á máa rìn lórí bí ìgbà tí èèrà ń rìn, àyà á máa já. Àwọn àgbà ń pè é ní ọdẹ orí, R. O. A. Makanjuola sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1987 nínú ìwé àwọn oníṣègùn ọpọlọ, pé ìdààmú ọkàn ló sábà máa ń wà nídìí irú àròyé yẹn lọ́dọ̀ àwọn aláìsàn Yorùbá. Òṣìṣẹ́ ìlera mọ èyí bó bá kan ẹlòmíì. Tó bá kan òun fúnra rẹ̀, oògùn ibà ni yóò lò, lẹ́yìn náà oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, lẹ́yìn náà ẹ̀jẹ̀ tí yóò ní kí wọ́n gbà lára òun ní láàbù, tí kò ní fi nǹkan kan hàn.

Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ ìlera ọkàn òṣìṣẹ́ ìlera kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwàásù. Ọ̀rọ̀ wákàtí ni, rósítà, ìwé tí a fi ń pín iṣẹ́ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, sì ni oògùn àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ kejìlá oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, àwọn ilé ìwòsàn á ra kéèkì fún àwọn nọ́ọ̀sì, wọ́n á pe ẹnì kan wá sọ̀rọ̀ ìwúrí fún wákàtí méjì. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ alẹ́ mọ́jú ọjọ́ yẹn kì í lè lajú gbọ́ ọ.

Ẹ gbé ìṣirò dókítà tó ń ṣe háúsù-jọ́ọ̀bù, ìyẹn ọdún kìíní iṣẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, yẹ̀ wò. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ńlá wa, á wọṣẹ́ ní aago 8 àárọ̀, á ṣe é di aago 4 ìrọ̀lẹ́. Kọ́ọ̀lù, iṣẹ́ òru tí dókítà fi ń dúró de ìpè, á bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ di aago 8 àárọ̀ ọjọ́ kejì, iṣẹ́ ọjọ́ kejì á sì gbà á lọ́wọ́ kọ́ọ̀lù di aago 4. Wákàtí 32 nìyẹn. Lọ́dún 1997, àwọn olùwádìí méjì, Drew Dawson àti Kathryn Reid, fi hàn pé ẹni tí kò sùn fún wákàtí 17, ọwọ́ àti ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ bíi ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó 0.05%, nígbà tó bá fi máa di wákàtí 24, ó ti lọ sí nǹkan bíi 0.10%. A kì í jẹ́ kí ọ̀mùtí fa oògùn ọmọ tuntun sínú síríǹjì. Ní New York, ikú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 18 kan, Libby Zion, lọ́dún 1984, ló fa àríyànjiyàn lórí wákàtí iṣẹ́ dókítà, síbẹ̀ ó di 2003 kí gbogbo Amẹ́ríkà tó fi wákàtí 80 lọ́sẹ̀ ṣe gbèdéke fún àwọn dókítà tó ń kọ́ṣẹ́. Ó kéré tán, gbèdéke wà.

Ẹni tó ń ṣe rósítà wọ́ọ̀dù lágbára ju bó ṣe rò lọ. Kó jẹ́ kí iṣẹ́ máa yí síwájú, àárọ̀ sí ọ̀sán, ọ̀sán sí alẹ́, torí ó rọrùn fún ara láti pẹ́ sùn ju kó tètè sùn lọ. Kí iṣẹ́ alẹ́ má ju mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ tẹ̀léra, kí ọjọ́ ìsinmi méjì gúnlẹ̀ sì tẹ̀ lé e. Èyí tó ń pa èèyàn jù ni kí wọ́n ní kí ẹni tó ṣe iṣẹ́ ọ̀sán wá ṣe iṣẹ́ àárọ̀ lọ́jọ́ kejì. Lórí ìwé, kò burú. Ẹ wá wò ó: ó gbé iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní aago 9 alẹ́, ó dúró de dánfó, ó délé ní 11, ó wẹ̀, ó jẹun, ó sùn ní 12. Kó lè débi iṣẹ́ ní 7, aago 4:30 ló gbọ́dọ̀ jí. Wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ní kí wákàtí 11 wà láàárín iṣẹ́ kan àti òmíràn. A lè tẹ̀ lé ìyẹn láìná kọ́bọ̀, pẹ̀lú pẹ́ńsùlù àti ìrésà. Kí rósítà sì jáde ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú. Ẹni tí kò mọ ìgbà tí òun máa sinmi, kò ní sinmi nígbà tí ìsinmi bá dé.

Rósítà tó dáa kò sọ alẹ́ di ọ̀sán, nítorí náà òṣìṣẹ́ náà ní tirẹ̀ láti ṣe. Ṣáájú alẹ́ àkọ́kọ́, kó sùn ní ọ̀sán fún bí wákàtí kan àtààbọ̀. Oúnjẹ tó nípọn, kó jẹ ẹ́ ní nǹkan bí aago 7 alẹ́ kó tó jáde. Ẹ̀bà aago 2 òru máa ń dá inú rú, ó sì máa ń fa oorun. Ẹ̀pà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tàbí ẹyin sísè tó fún wákàtí yẹn. Láàárín aago 3 sí 6 ni ara máa ń tutù jù lọ, ìgbà yẹn gan-an la sì máa ń ṣi oògùn kà. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí ẹni méjì jọ yẹ ìwọ̀n oògùn wò lákòókò yẹn, bí wọ́n tilẹ̀ jọ mọ iṣẹ́. Bí ẹnì kejì bá wà láti dúró, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rẹjú fún ìṣẹ́jú 20. Tó bá ti kọjá 30, oorun á ti wọ ara, onítọ̀hún á jí bí ẹni tí wọ́n lu ní òògùn. Kó tó fọwọ́ kan aláìsàn, kó kọ́kọ́ fún ojú rẹ̀ ní ìṣẹ́jú 15 kó là dáadáa.

Kọfí ńkọ́? Káfíìnì máa ń gba nǹkan bíi wákàtí márùn-ún kí ìdajì rẹ̀ tó kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, káfíìnì náà ló sì wà nínú obì tí àwọn ẹlòmíì ń rún lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ sùn ní aago 9 àárọ̀, kó má fi ẹnu kan kọfí tàbí obì mọ́ lẹ́yìn aago 3 òru.

Ọ̀nà ilé ni ewu tó kù. Ẹni tó ṣe wákàtí 12 mọ́jú tó tún fẹ́ wa mọ́tò gba Èkó sí Ìbàdàn ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta ayò. Kó sùn fún ìṣẹ́jú 20 nínú ọgbà ilé ìwòsàn kó tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i, tàbí kó wọ ọkọ̀ èrò. Nílé, aṣọ fèrèsé tó dúdú, fóònù tí ẹnì kan ṣoṣo lè pè wọlé, àti ọ̀rọ̀ àsọtẹ́lẹ̀ fún àwọn ará ilé. Ìyá ọkọ tó bá aya ọmọ rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ní aago 11 ọ̀sán kò mọ̀ ju pé ọ̀lẹ ni. Ọkọ ló yẹ kó ṣàlàyé yẹn, kì í ṣe ìyàwó tí oorun ń kùn. Lẹ́yìn alẹ́ tó kẹ́yìn, kó má sùn ju wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ láàárọ̀, kó lè rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sí sùlúùsì. Aláìsàn kú, wọ́n ti fi aṣọ bò ó, àwọn mẹ́wàá mìíràn ń pe nọ́ọ̀sì. Kí ni ká ṣe?

Ìṣẹ́jú kan ló kọ́kọ́ yẹ ká mú. Nọ́ọ̀sì kan ní Virginia, Jonathan Bartels, ló mú àṣà yìí gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà: kí gbogbo ẹni tó wà nídìí bẹ́ẹ̀dì dúró jẹ́ẹ́ kí wọ́n tó tú ká. Ẹnì kan á sọ ọ́ ní gbólóhùn kan tàbí méjì, pé màmá yìí ní ọmọ, ó ní ilé, a sì sa gbogbo ipá wa lórí rẹ̀. Kì í ṣe àdúrà dandan, torí ẹ̀sìn wa ò pa pọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jọ dúró ṣe ìpàdé kékeré, kó tó di pé iṣẹ́ parí. Kí ló ṣẹlẹ̀, ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé? Kí la ṣe tó dáa? Kí ni kò sí nítòsí nígbà tá a nílò rẹ̀? Ta ni kò yẹ kó padà sídìí aláìsàn báyìí? Ìbéèrè kẹrin yìí ni a máa ń fò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ẹni tó kéré jù nínú wọn ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò, pàápàá tó bá jẹ́ ikú àkọ́kọ́ tí yóò fojú rí. Kí wọ́n gba aláìsàn méjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún wákàtí kan, kó lọ mumi, kó jókòó.

Ohun tó ń ba ìpàdé yìí jẹ́ kò ju méjì lọ. Èkíní, ó lè di ilé ẹjọ́. Bí ọ̀gá bá fi "ta ló pẹ́ kó tó gbé ọ́síjìn dé?" bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ yẹn ni gbogbo ẹnu pa dé títí láé. Ìwádìí ohun tó fa ikú ní àkókò tirẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú fáìlì lórí tábìlì. Èkejì, àwọn kan rò pé dandan ni kí gbogbo èèyàn tú gbogbo ohun tó rí àti bó ṣe rí lára rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Wọ́n ti wádìí irú ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀, kò dènà àìsàn ọkàn, ó tilẹ̀ pa àwọn kan lára. Láti 2005 ni NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ní kí wọ́n má fi ṣe àṣà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ká gbọ́. Ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́, ká bá a gbé oúnjẹ rẹ̀ dání, ká sì pè é lọ́jọ́ kejì.

Láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kì í ṣe tuntun kí ojú òkú náà máa wá síni lójú oorun, tàbí kí ohùn ìyá tó ké máa dún létí. Ó máa ń rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá lé ní oṣù kan tí kò lọ, tàbí tí èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún yàrá tó ti ṣẹlẹ̀, àkókò tó láti rí oníṣègùn ọkàn.

Bó bá jẹ́ àṣìṣe òṣìṣẹ́ ló fa wàhálà ọ̀hún, ó tún yàtọ̀. Lọ́dún 2000, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Albert Wu, sọ irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ẹnì kejì tí ọ̀ràn náà ṣe lọ́ṣẹ́. Àwọn ẹbí aláìsàn kan kò fẹ́ràn orúkọ yẹn, a sì gbọ́ wọn yé. Ṣùgbọ́n òru ọjọ́ náà kò ní dúró de àríyànjiyàn. Kí ó gba aláìsàn là bó bá ṣì ṣeé ṣe, kí ó sọ fún ọ̀gá lójú ẹsẹ̀, kí ó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti aago rẹ̀ sínú fáìlì láìpa ohunkóhun rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan sìn ín délé, kó má dá mọ́tò wà. Kí ẹni náà tún pè é ní òwúrọ̀, kó sì jẹ́ ẹni tí kò sí lára ìgbìmọ̀ tí yóò bi í léèrè.

Ọgbẹ́ kan wà tí ìjókòó àti oorun ò lè wò. Òun ni ti ẹni tó mọ ohun tó lè gba aláìsàn là, tí kò sì rí i ṣe torí pé ẹbí ò tíì san owó ìdógò, torí pé ẹ̀jẹ̀ ò sí, torí pé ọ́síjìn tán. Àwọn tó ń ṣètọ́jú jagunjagun ló kọ́kọ́ fún un lórúkọ, Jonathan Shay, oníṣègùn ọpọlọ ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n mọ̀ mọ́ ọn; a lè pè é ní ọgbẹ́ ẹ̀rí ọkàn. Ọ̀pọ̀ á ti ọwọ́ bọ àpò ara wọn, á ra kánúlà, á san owó láàbù, títí owó oṣù á fi tán ní ọjọ́ 12. Èyí tó dáa jù ni kí wọ́ọ̀dù ní àpò kan, kí oníkálukú dá iye tí wọ́n fẹnu kò sí lóṣooṣù, kó má sì sí ẹni tí yóò tún yọ owó lápò ara rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú: aláìsàn mélòó ló dúró ju wákàtí kan lọ lóṣù yìí nítorí owó, mélòó nítorí ẹ̀jẹ̀. Bébà yẹn ni kí wọ́n gbé lọ sípàdé àwọn aláṣẹ. Kì í yí wọn lérò padà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ kò dá a gbé mọ́.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ti kọjá ti iṣẹ́ tó súni? Iṣẹ́ tó súni máa ń fúyẹ́ bí a bá gba lííìfù. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó ti di àìsàn máa ń bá èèyàn lọ sílé, lọ síbi ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí jọ́lọ̀ọ̀fù dùn lẹ́nu. PHQ-9, ìwé ìbéèrè tí a fi ń yẹ aláìsàn wò fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, ẹ fi yẹ ara yín wò: ìbéèrè 9 lórí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, 0 sí 3 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àròpọ̀ rẹ̀ kò ju 27 lọ. Bó bá ti tó 10, ẹ lọ rí ẹnì kan. Ìbéèrè kẹsàn-án bi wá bóyá ó ń ṣe wá bíi pé ikú sàn. Bí ìdáhùn sí i bá ti yàtọ̀ sí òdo, ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ sọ fún ẹnì kan kó wà pẹ̀lú yín, kí ẹ sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ló tún ń mú àwọn kan di ẹni tí kò lè sùn láìsí díásípáàmù, tàbí tí ń gún pentazocine, oògùn ìrora tó lágbára, fún ara wọn nítorí "orí fífọ́." Kò sí ẹni tó yẹ kó máa kọ oògùn oorun fún ara rẹ̀, bó ti wù kí oyè rẹ̀ pọ̀ tó.

Ìtìjú ni odi tó ga jù. Àwa náà ni à ń fi "Yábá Left" ṣe ẹ̀fẹ̀ nínú kọ́ọ̀lù-rúùmù, tá a sì ń sọ fún ọ̀rẹ́ pé "wọ́n máa gbé ẹ lọ sí Arò." Ẹ̀rù tó tẹ̀ lé e kò sì jẹ́ lásán: fáìlì òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn tirẹ̀ máa ń gba ọwọ́ àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun. Kí ẹ lọ sí ìlú mìíràn nígbà náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn lè lọ sí Abẹ́òkúta, ti Abẹ́òkúta lè lọ sí Ifẹ̀. Ní Arò yẹn kan náà, láti 1954, Thomas Adeoye Lambo, oníṣègùn ọpọlọ, ní kí àwọn aláìsàn máa gbé pẹ̀lú àwọn ará abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí wọ́n máa wá gbàtọ́jú lójúmọmọ, torí ó rí i pé ara ń yá láàárín èèyàn. Òfin ìlera ọpọlọ tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù kìíní 2023, tó rọ́pò òfin àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè, kò gbà kí agbanisíṣẹ́ lé èèyàn torí pé ó ní àìsàn ọpọlọ tàbí torí pé ó ń gbàtọ́jú.

Àwọn tó ti jápa lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rù tiwọn, pé bí àwọn bá bá GP, dókítà àdúgbò wọn, sọ ọ́, iṣẹ́ àti físà lè bọ́. Dókítà GP kì í ròyìn aláìsàn fún agbanisíṣẹ́ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ kò sì gba owó. Àìsàn tí a ń tọ́jú dáadáa kì í dí ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́ lọ́dọ̀ NMC, àjọ tó ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń pa wọ́n lára jù ni bánkì-ṣíìfù tí wọ́n ń gbà lé iṣẹ́ gangan, alẹ́ mẹ́ta lórí ọjọ́ mẹ́rin, nítorí ìpè tó ń wọlé láti ilé lórí WhatsApp.

Bí ilé ìwòsàn kan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibìkan, yàrá kan tó: àga méjì, ilẹ̀kùn tó ṣeé tì láti inú, kẹ́tù omi gbígbóná, agogo lára ògiri. Kó má jìnnà sí wọ́ọ̀dù ju ìrìn ìṣẹ́jú kan lọ, kí fèrèsé rẹ̀ má sì kọjú sí ibi tí àwọn ẹbí aláìsàn ń jókòó sí. Ní ọ̀pọ̀ wọ́ọ̀dù, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀. Dírípù-sítáǹdì tó ti kán àti pàálí gílọ́ọ̀fù ló kún inú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà nínú dúrọ́ọ̀ màtírọ́ọ̀nù.